Ọ̀nínì Kan Tó Wà ní Ọ̀kà

Ohùn odó ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí ilé wa ní Ìkàrẹ́. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀ sẹ́yìn òkè, odó kan á bẹ̀rẹ̀ ní agboolé kejì, tiwa á gbà á, ti àwọn ará ẹ̀yìnkùlé á sì gbè é, àpáta á wá máa dá gbogbo rẹ̀ padà, títí yóò fi dà bí ẹni pé àwọn ènìyàn mìíràn wà nínú òkè náà tí àwọn náà ń gún iyán alẹ́ tiwọn. Màmá mi ló máa ń gún tiwa. Èmi ni mo máa ń mú iṣu jáde nínú ìkòkò lẹ́yọ lẹ́yọ, tí mo sì máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka mi. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa ṣa ẹ̀fọ́, á sì máa kọrin ìyìn. Kò ní aago, orin ni aago rẹ̀. Ó mọ iye ẹsẹ orin tí ẹ̀gúsí fi ń jinná, bí ó bá sì ti kọ "Àmín" ìkẹyìn, kí ẹni tó wà nídìí ààrò tètè sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Títí di òní tí èmi náà ti di ìyá àgbà, tí mo ń fi gáàsì dáná, n kò lè se ẹ̀gúsí láìkọrin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dàgbà nínú ilé tí ọbẹ̀ àti ìyìn ti jọ ń jinná.

Ilé Bàbá Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò ń pe ilé wa. Bàbá àgbà lọ jagun ní ilẹ̀ Bọ́mà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, orúkọ ilẹ̀ náà sì mọ́ ọn lára ju orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ lọ. Kò fẹ́ràn kí a máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ ogun. Bí a bá yọ ọ́ lẹ́nu jù, á ní òjò pọ̀ níbẹ̀, eṣúṣú pọ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run sì pọ̀ ju méjèèjì lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kó ti ibẹ̀ bọ̀ tí a fojú rí ni owó idẹ kékeré kan tó ní ihò, tó fi okùn so mọ́ ìṣó lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ nínú aṣọ sójà. Ó ní àgọ́ àwọn àti ti àwọn sójà ará Ṣáínà súnmọ́ra, pé òun fún ọ̀kan nínú wọn ní agolo mílíìkì, ìyẹn sì fún òun ní ìdì owó yìí tí wọ́n sín sórí okùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn yòókù ti tú ká lójú ọ̀nà, ó ní, èyí ló kù.

Gbogbo wa mọ ọ̀nínì. Òun ló kéré jù nínú owó ayé òyìnbó, ó ní ihò róbótó láàárín, Ìyá àgbà sì ní díẹ̀ nínú àpótí aṣọ rẹ̀ tí a fi ń ṣeré nígbà òjò. Nítorí ihò yìí ni Bàbá àgbà ṣe pe tirẹ̀ náà ní ọ̀nínì, ọ̀nínì Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ihò tirẹ̀ kò yí po, ó ní igun mẹ́rin bí fèrèsé. Kò ní orí ọba, kò ní nọ́ńbà. Àmì mẹ́rin ló yí ihò náà ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ahéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi igi gbé dúró. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, àmì méjì péré ló wà níbẹ̀, tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun adìyẹ. Bí kò bá sí àgbà nítòsí, mo máa ń gun àga, màá fi ojú kan sí ihò náà, màá sì fi wo òkè láti ojú fèrèsé. Òkè ńlá bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wọ inú ihò náà. Mo máa ń rò pé bí Ọlọ́run ṣe ń wo ilé wa nìyẹn.

Ọdún tó tẹ̀lé ikú Bàbá àgbà ni mo fẹ́ sọ. Kí ó tó kú, ó dùbúlẹ̀ àìsàn díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń fọ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó di ọwọ́ Ìyá àgbà mú, ó ní, "Ọ̀nínì mi kan wà ní Ọ̀kà. Ẹ má jẹ́ kó sọnù." Kò sọ nǹkan mìíràn tó yé ènìyàn mọ́. Bàbá mi ní ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ta ni yóò máa wá ọ̀nínì kiri ní Ọ̀kà lásìkò tí náírà ti gba ìgboro? Lọ́dọ̀ wa, bí nǹkan kò bá ní láárí, a ó ní kò tó ọ̀nínì. Nígbà tí ọ̀fọ̀ sì ti rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di àwàdà lẹ́nu Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kánsù, tó sì ti di olórí ẹbí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rin ọ̀nà yẹn, á ní kó bá àwọn wo ọ̀nínì ẹ̀gbọ́n òun nílẹ̀ bí ó bá dé Ọ̀kà. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n sọ nípa bàbá mi, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa wá já sí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ìlànà ilé ẹ̀kọ́ sì bá a wálé. Agogo ọwọ́ ló fi ń jí wa fún àdúrà òwúrọ̀. Òun ni àkọ́bí Bàbá àgbà. Òun ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ níbi àpèjọ, òun ló ń ṣíwájú àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì lọ síbi pẹpẹ nígbà ìdúpẹ́. Yàtọ̀ sí Ìyá àgbà àti Bàbá Kékeré, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní "ìwọ" rí. Màmá mi pàápàá, "ẹ" ni. Mo rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, pẹ̀lú "ẹ" lórí rẹ̀ bí fìlà.

Ìdúpẹ́ ìrántí ọdún kan Bàbá àgbà ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bó. Wọ́n ti kun iwájú ilé lẹ́fun, èmi àti Ìyá àgbà sì jókòó sábẹ́ igi ọsàn ní àárọ̀ Sátidé, à ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà agboolé wọlé, ó ru iṣu, ó sì gbé kèǹgbè epo dání. Ó dàgbà díẹ̀ ju bàbá mi lọ lójú. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún Ìyá àgbà lórí ilẹ̀ lásán, láìtíì sọ ẹni tí òun jẹ́. Nígbà tó la ẹnu, ohùn Ọ̀kà ló fi kí wa, ohùn tó wúwo nísàlẹ̀, tí àwa ọmọdé Ìkàrẹ́ máa ń sín jẹ. Ó ní Dọ́káàsì ni orúkọ òun, pé Ìwàrò-Ọ̀kà ni òun ti wá, aránṣọ ni òun. Ìyá àgbà ní orúkọ náà bá iṣẹ́ mu, pé Dọ́káàsì inú Bíbélì náà a máa ránṣọ, kó dìde nílẹ̀. Kò dìde. Ó ní òun kò lè dìde títí òun yóò fi sọ ohun tó gbé òun wá.

Wọ́n pe bàbá mi, wọ́n pe Bàbá Kékeré. Èmi kò kúrò nídìí ẹ̀wà, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Ohun tó sọ ni pé ìyá òun kú ṣáájú òjò. Kí ó tó kú, ó pe òun mọ́ra, ó ní ẹni tí òun ń pè ní bàbá láti kékeré kọ́ ló bí òun. Sójà kan ni, tó ti Bọ́mà dé, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń là gba àárín àpáta lọ sí Ọ̀kà. Ó fẹ́ fi ìyá òun ṣaya, ṣùgbọ́n bàbá ìyá òun ní òun kò ní fa ọmọ lé ẹni tí òun kò mọ ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, tí ibà sì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Sójà náà lọ sílé láti lọ mú ẹbí rẹ̀ wá, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti fi obìnrin náà fún ẹlòmíràn, tòun ti oyún. Wọ́n ní kí ó búra pé kò ní wá ọmọ náà wá. Ó búra. Ó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun so nǹkan kan mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, pé bí ọmọ bá dàgbà tó bá wá òun wá, òun kò búra ti ìyẹn.

Ó tú etí ìró rẹ̀. Òórùn káńfọ̀ tú jáde. Owó idẹ kan ló wà níbẹ̀, tó ní ihò onígun mẹ́rin.

 Mo rántí pé adìyẹ kan ń jẹ nínú ẹ̀wà wa, Ìyá àgbà kò sì lé e. Obìnrin náà wá kọjú sí bàbá mi, ó ní, "N kò bá ilẹ̀ wá, sà. N kò bá oko wá. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ bàbá. Kí wọ́n dárúkọ mi mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí n bá yín rìn dé iwájú pẹpẹ, ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn."

Bàbá Kékeré wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ́ òótọ́," ó ní, "ìwọ lo dàgbà jù nínú wọn nìyẹn."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó sì pẹ́ kí ó tó fi í padà sójú. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bí obìnrin yìí bá wọlé, kì í ṣe ẹ̀yìn ni yóò tò sí.

Bàbá Kékeré lọ tú ọ̀nínì tiwa lára ìṣó, ó gbé méjèèjì sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Tiwa pupa rẹ́súrẹ́sú bí kọ́kọ́rọ́ idẹ tí ọwọ́ ti nù dán. Ti obìnrin náà ṣú, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti wọnú àárín àwọn àmì rẹ̀. Tirẹ̀ tún kéré díẹ̀. Bàbá Kékeré tẹjú mọ́ ojú wọn, ó fi ìka tọ́ àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọn kò jọra. Ó gbé orí sókè bí adájọ́. Ó ní gbogbo ọ̀nínì tí òun ná láyé òun, ojú kan náà ni wọ́n ní. Bí ti Ìkàrẹ́ ti rí ni ti Èkó rí. Bí ọ̀nínì méjì kò bá jọra, ọ̀kan jẹ́ ayédèrú, ti ẹ̀gbọ́n òun kò sì lè jẹ́ ayédèrú. Ó ní àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n òun sọ kí ó tó kú ti gbé e dé Ọ̀kà, ẹnìkan sì ti dá ọgbọ́n sí i. Omi lé ròrò sójú obìnrin náà, kò jẹ́ kó dà. Ìyá àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹun ná. Òun fúnra rẹ̀ ló bu iyán fún un, èyí tí kì í ṣe fún àlejò lásán. Nígbà tí obìnrin náà jẹun tán, Ìyá àgbà ní kí bàbá mi gbé mọ́tò jáde, kí àwọn lọ bi ẹni tó mọ idẹ.

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà lójú ọ̀nà ọjà, Álíájì ni, òun ló ń da òrùka ìgbéyàwó fún mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ní ìlú wa. Gbogbo wa kún inú mọ́tò ìjàpá bàbá mi, èmi wà lórí itan Ìyá àgbà. Álíájì kò béèrè ẹni tó ni èwo. Ó mú ti obìnrin náà, ó jẹ́ kó já lé òkúta, ó tẹ́tí sí i. Ó fi èékánná fá ìpẹtà ara rẹ̀, kò ṣí. Ó wo etí rẹ̀ yí ká, ó wo inú ihò náà, ó ní ìlà ayùn wà níbẹ̀, wọ́n rẹ́ ẹ lẹ́yìn tó tutù tán.

"Dídà ni," ó ní. "Inú yanrìn ni wọ́n dà á sí. Owó ìjọba kì í rí báyìí, òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ìyẹn."

Bàbá Kékeré pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹ ò gbọ́ nǹkan, ẹnìkan jókòó síbì kan ó dà á. Ó ti ń múra láti jáde nígbà tí Álíájì na ọwọ́ sí tiwa. Ó ṣe gbogbo ohun tó ṣe fún tàkọ́kọ́ fún un, láìkánjú.

"Dídà ni tiyín náà, bàbá."

Ìyá àgbà wo ilẹ̀. Ó ní, "Á jẹ́ pé ayédèrú ni ọkọ mi gbé láti Bọ́mà wálé nìyẹn." Ẹ̀rín pa màmá mi, ó fi ìbòrí bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré kì í ṣe ẹni tó ń tètè jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní ṣebí ti obìnrin yìí kéré sí tiwa, ó dájú pé wọ́n fi irú tiwa ṣe àpẹẹrẹ ni. Álíájì gbà pé ọ̀rọ̀ wà nínú ìyẹn. Ó ní bí ènìyàn bá tẹ òrùka mọ́ yanrìn tó sì da idẹ síbẹ̀, èyí tó máa jáde á kéré díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, nítorí idẹ a máa súnkì bí ó bá ń tutù. Ṣùgbọ́n àmì kan náà ni yóò gbé jáde, ojú rẹ̀ á sì kú, á dà bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀. Èyí, àmì mìíràn ló wà lára rẹ̀, àárín àmì náà sì jinlẹ̀, ó mọ́ gaara. Ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e ní ìdùbúlẹ̀, ó súnmọ́ iná. Ó ní àmì ẹ̀yìn yìí fẹ́ jọ lárúbáwá bí ènìyàn bá dá a dùbúlẹ̀, àmọ́ òun ti ń ka Kùránì láti kékeré, kì í ṣe lárúbáwá. Iṣẹ́ idẹ ni òun lè sọ. Ẹni tó gbọ́ èdè náà ni kí wọ́n lọ bá fún ìyókù.

Bàbá mi ló rántí Fadá. Òyìnbó arúgbó kan ni, tó ń gbé nílé àwọn Fadá lójú ọ̀nà Ọ̀kà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ilẹ̀ Ṣáínà ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ Olúwa nígbà èwe rẹ̀, kí ìjọba tuntun tó ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Bàbá Kékeré ní ọ̀rọ̀ ìjọ tiwa, Àgùdà ni yóò wá tú u? Ìyá àgbà ní Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń kí láàárọ̀. Mo rò pé ó ti mọ nǹkan kan nínú ara rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí àwọn ọkùnrin fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ibẹ̀. Obìnrin náà sun ilé wa mọ́jú. Ní ìdájí, kí agogo bàbá mi tó dún, mo gbọ́ ariwo ọwọ̀. Ó ti gbá gbogbo agboolé tán.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni a lọ. Ọ̀nà náà ń lọ́ láàárín àwọn àpáta, mo sì ń wo ibi tí wọ́n ti gé òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń ronú pé bóyá ibí ni ọwọ́ Bàbá àgbà ti kàn.  Fadá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó wọ sálúbàtà, ó ń bó ọsàn. Yorùbá Àkókó ló ń sọ, débi pé bí ènìyàn bá dijú, arúgbó ilé wa ni yóò rò pé ó ń sọ̀rọ̀. Bàbá mi gbé owó méjèèjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ṣàlàyé. Fadá nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ mélòó kan jáde ní èdè tí n kò gbọ́ rí, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí tiwa, ohùn rẹ̀ sì yí padà sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ó fi orí ọ̀bẹ tọ́ ọ fún wa. Ó ní a kì í kà á yípo bí aago, òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀tún, kí a tó wá sí òsì. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n fún ìgbà ìjọba ọba kan. Ọ̀tún àti òsì ń sọ pé ìṣúra ni èyí, tó ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. "Ẹ wo ọ̀tún àti òsì méjèèjì dáadáa," ó ní. A wò wọ́n. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó yí wọn sẹ́yìn, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìfun adìyẹ kan náà ni. Ó ní orúkọ ibi tí wọ́n ti dà á nìyẹn, ẹkùn kan tó bá ilẹ̀ Bọ́mà pààlà. Láti àná, kò sẹ́ni tó ronú láti fi ẹ̀yìn wé ẹ̀yìn. Ojú là ń wò, nítorí ojú ni orí ọba òyìnbó máa ń wà.

Bàbá mi béèrè bóyá ayédèrú kò lè ní gbogbo ìyẹn lára. Fadá ní ayédèrú pọ̀, kódà láyé ìgbà yẹn, àmọ́ ó máa ń fúyẹ́, á rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àmì rẹ̀ á wú. Ó ní kí a wo bí ọwọ́ ènìyàn ti nù orí àmì méjèèjì yìí títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ síbẹ̀, àti bí ìpẹtà náà ti jẹ wọnú idẹ tí kì í ṣe pé ó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tálákà ló fi owó yìí ra iyọ̀, ó ní, kò sẹ́ni tó dà á láti fi tan ẹnikẹ́ni ní Ìkàrẹ́.

"Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ fi yàtọ̀?" bàbá mi béèrè.

"Ọba méjì ni." Fadá gbé tiwa sókè. "Èyí, orúkọ ìjọba bàbá ló wà lára rẹ̀." Ó gbé ti Dọ́káàsì. "Èyí, ti ọmọ rẹ̀ tó jọba tẹ̀lé e."

Ẹyẹ kan ń ké nínú igi máńgòrò, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo ti bi ara mi léèrè láìmọye ìgbà bóyá Bàbá àgbà mọ̀. Ó lè jẹ́ pé sójà ará Ṣáínà yẹn kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kà á, tó fi mú ti bàbá sọ́wọ́ ara rẹ̀, tó sì so ti ọmọ mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn na ọwọ́ sínú ìdì náà ni, tí Ẹlòmíràn bá a yan èyí tó yẹ. N kò nílò láti mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́nà méjèèjì, ọpẹ́ ni.

Fadá jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ó ní owó ni òun lè jẹ́rìí sí, òun kò lè jẹ́rìí sí ẹ̀jẹ̀. Bàbá Kékeré la ẹnu láti di ìyẹn mú, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Fadá kó méjèèjì lé e.

"Ẹni tó bá fẹ́ tàn wá jẹ, ọ̀nínì tiwa ni ì bá dà," Ìyá àgbà wí. "Á jọ ọ́ bí ìbejì. Ọkọ mi sọ fún wa, àwa ni a kò gbọ́. Ó ní ọ̀nínì òun kan wà ní Ọ̀kà, kí a má jẹ́ kó sọnù. Èmi ló di lọ́wọ́ mú, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Obìnrin inú Bíbélì sọ owó kan nù, ó tan fìtílà, ó gbálẹ̀ títí ó fi rí i. Tèmi, owó náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, òun náà ló tún bá mi gbálẹ̀." Ó kọjú sí Dọ́káàsì. "Dìde, ọmọ mi. Láti àná lo ti ń kúnlẹ̀."

Ìgbà yẹn ni omi ojú náà tó dà. Bàbá Kékeré wúkọ́, ó mú ọsàn kan lórí tábìlì Fadá láìtọrọ, ó fi lé Dọ́káàsì lọ́wọ́.  Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Fadá, ó sì wa mọ́tò wálé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó ń lu agogo rẹ̀, ó ń ka Bíbélì, ó ń jẹun, kò sì dárúkọ Dọ́káàsì. Màmá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ètò ìdúpẹ́ yóò ti rí, ó ní òun ń gbàdúrà sí i. Ìyá àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní iṣu tí a bá fi ipá yọ lórí iná, kókó ni yóò dì nínú odó. Nísinsìnyí tí èmi náà ti jẹ́ àkọ́bí tí àwọn àbúrò mi ń wò lójú, mo mọ ohun tí wọ́n ní kí ó gbé sílẹ̀. Kì í ṣe ipò nìkan. Gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti kékeré ni, ẹni àkọ́kọ́ tó ń wọlé, ẹni àkọ́kọ́ tó ń kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Dọ́káàsì ti Ìwàrò-Ọ̀kà dé ní kùtùkùtù pẹ̀lú aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó jókòó sí ẹ̀yìn gbogbo wa, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kátíkíìsì ní kí àwọn ọmọ Bàbá Bọ́mà jáde wá. Bàbá mi dìde, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tò tẹ̀lé e, bó ti máa ń rí. Wọ́n dé àárín ọ̀nà. Akọrin ti gbé orin. Bàbá mi kò rìn síwájú. Ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àbúrò rẹ̀ kọjá, ó ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ǹtì, àwọn ènìyàn sì ń yí orí tẹ̀lé e láti ìjókòó dé ìjókòó. Ó dúró níwájú Dọ́káàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, òun tí mo rò pé wọ́n bí pẹ̀lú "ẹ" lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ máa lọ níwájú."

Dọ́káàsì dìde. Ó wo Ìyá àgbà, Ìyá àgbà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó sì bojú wẹ̀yìn.

"Máa bọ̀, àbúrò mi," ó ní. "Tẹ̀lé mi."

Bàbá mi sì tẹ̀lé e.